Bí Mo Ṣe Wọnú Ìwé Ara Mi ní Monróvíà

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka àwọn ìwé ìrìn-àjò mi bọ̀, ẹ ó ti ṣàkíyèsí ohun kan bí ẹ kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde: n kì í sí nínú wọn. Mo kọ̀wé nípa Kùtọnu, mo kọ̀wé nípa Kùmásì, mo kọ̀wé nípa Abíjàn. Ẹ rí afárá, ẹ rí ọjà, ẹ rí bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń wé gèlè, ẹ sì rí òwe tí mo fi ń dé gbogbo rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ẹni tó rin ìrìn náà ni ẹ kò rí, àfi bí ẹni pé iwin ló lọ tó bọ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn wa fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní òǹkọ̀wé tó bá ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó se ọbẹ̀ tó tún ń fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ín. Mo gbà fún un, nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn.

Èyí yàtọ̀. Ìyá mi ló rán mi ní iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe olóòtú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Àkànní ni. Gáńà ló ti ń ta aṣọ nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àjèjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́hùn-ún di ẹrù, wọ́n ń bọ̀ wálé. Òun kò wá. Ojú ń tì í láti fi ọwọ́ òfo wọ ilé, ló bá gba ọ̀nà ibòmíràn, ó lọ sí Monróvíà. Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ó ti kú. Bí a ṣe ń túfọ̀ fún abiyamọ ni wọ́n ṣe túfọ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ní ó le díẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá máa gbàdúrà. Lẹ́yìn náà wọn kò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn ń wá kí i, wọ́n ń wolẹ̀, wọ́n ń lọ. Kò sí ẹni tó la ẹnu sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kú.

Nígbà tó gbọ́ pé mo ń lọ sí Làìbéríà, ó pè mí wọ yàrá.

Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ibi tó o ti lọ ni wọ́n ti ka ìwé rẹ̀ fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ ọ́ fún èmi. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọmọ mi sùn sí.”

Ẹ̀yin náà mọ èèwọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣáájú òbí, àwọn ẹlòmíràn ní í gbé e lọ, wọn kì í sì í júwe ibẹ̀ fún òbí títí ayé. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná, Màmá.” Ìdáhùn ẹni tó fẹ́ sá nìyẹn, ìyá mi sì mọ̀.

Ọwọ́ tí kò dún

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo bì, mo sọ̀kalẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa Monróvíà ni pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀.

Ọkùnrin tó bá mi gbé àpótí ló bọ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo ṣe fẹ́ gba ọwọ́ mi padà, ó fi ìka rẹ̀ há ìka mi, ó fà á yọ, ó dún tá. Mo rò pé òrùka mi ló fẹ́ bọ́. Mo yára fi ọwọ́ kejì bo òrùka náà. Bàbá Lékan, ará ìlú wa tó ti ń ta aṣọ níbẹ̀ tipẹ́, tó wá pàdé mi ní èbúté, rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Orúkọ iṣẹ́ olùkọ́ mi ló fi pè mí, ó ní, “Tíṣà, kí lo ń di òrùka mú fún? Wọ́n ń kí ọ ni. Bí kò bá dún, a jẹ́ pé ẹ ò tíì kí ara yín.”

Ó kọ́ mi níbẹ̀, níṣojú gbogbo ayé. Tèmi kò dún. Odindi ọ̀sẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń bọ̀ mí lọ́wọ́ tí wọ́n ń fi ojú àánú wò mí, bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò tíì lè rìn. Ìwé mi àtijọ́ ì bá ròyìn ìkíni náà fún yín, ì bá sì fi òwe kan tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ òrùka yẹn ni kò ní sí níbẹ̀.

Ìlú orí òkè ni, òkun ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Àwọn ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé sórí òpó, páànù ni òrùlé wọn, páànù ni ara wọn pẹ̀lú, àwọn àgbà ọkùnrin a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú wọn pẹ̀lú kóòtù àti fìlà nínú ooru tó lè se ẹyin. Owó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná. Wọ́n lẹ́nu rere sí àlejò. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, ìrẹsì ni wọ́n ń béèrè. Mo sọ fún aládùúgbò kan nílé Bàbá Lékan tí mo dé sí pé mo ti jẹ iṣu, mo sì yó. Ó gbọ́, ó mi orí, ó tún bi mí pé, ṣùgbọ́n ṣé mo ti jẹun? Ó lọ bu ìrẹsì wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, ikùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Wọ́tásáìdì

Ìsọ̀ Bàbá Lékan wà ní Wọ́tásáìdì, ọjà ńlá tó wà létí odò, níbi tí alárù ti ń pariwo kí o yà fún òun lẹ́yìn tó ti kọlù ọ́ tán. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìsọ̀ wọn, àwa onígbàgbọ́ sì ń jọ́sìn ní èdè wa lọ́jọ́ Ìsinmi nínú ilé ìjọsìn tí wọ́n yá wa. Nínú ilé, Yorùbá ni àgbà ń sọ. Àwọn ọmọ ń fi èdè ìlú dáhùn. Ìyá Lékan a pe ọmọbìnrin rẹ̀ pé kó wá gbé omi, ọmọ a ní, “Àì kọ́mìn, Má, yà,” èyí ni pé òun ń bọ̀, a sì jókòó síbi tó wà títí òùngbẹ yóò fi tán lọ́rùn ìyá rẹ̀.

Gbogbo wọn ló mọ Àkànní. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi láìṣe pé mo bi wọ́n: bó ṣe ń ṣe àwàdà, bó ṣe ń ta aṣọ láwìn fún àwọn tí kò jọ ẹni tó máa san án, bó ṣe ń kọrin ní ohùn tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Bí mo bá ti dárúkọ ibojì, ẹnu a pa dé, ẹnìkan a rántí pé òun fi ìkòkò sórí iná.

Bàbá Lékan ló wá là á yé mi. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò wò mí.

Ó ní, “Tíṣà, ọkọ̀ ojú omi ń gbé ìwé ìròyìn yín wá síbí. À ń ka ìwé rẹ. Bó o bá rí ibẹ̀, wàá kọ ọ́. Bó o bá kọ ọ́, ìyá rẹ á gbọ́. Bí ìyá rẹ bá gbọ́, àwa la fi ojú oórì ọmọ han ìyá yẹn. Mo mọ ìyá rẹ láti kékeré. N kò lè ṣe é.”

“Ṣùgbọ́n Màmá ló ní kí n wá a, Bàbá.”

“Ọ̀fọ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe ìyá rẹ.”

Síbẹ̀ kò fẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo. Ó mú mi lọ sí itẹ́ òkú, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ náà gba gbogbo ilẹ̀ lọ láti apá kan dé èkejì. Ó ní, “Apá ibí yìí ni.” Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òkú ló wà ní apá ibí yìí. Mo dúpẹ́, a padà sílé.

Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kọ ọ́. Kò gbà mí ní àkókò rárá. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi sùn lábẹ́ igi ọ̀pẹ kan, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, àti pé nígbà tó fẹ́ lọ, orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi òwe dé e. Mo kà á fún ara mi, ó dára gan-an, inú mi dùn sí i. Kò sí igi ọ̀pẹ kankan ní itẹ́ òkú yẹn. N kò sì mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó fẹ́ lọ.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Tèmi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀ ni èmi rí.

Lógán Táùn

Ìyá Lékan ni Ọlọ́run lò. A ń ṣa ẹ̀fọ́, ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹ̀fọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Obìnrin kan wà ní Lógán Táùn. Mátà ni wọ́n ń pè é. Ó ń ránṣọ. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n jọ gbé títí Ọlọ́run fi mú un.”

“Ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí, Màmá?”

“Bàbá ní kí àwa má fi ibojì hàn ọ́, mi ò sì fi hàn ọ́. Bàbá ò ní kó o má lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ.” Ó ju igi ẹ̀fọ́ nù. “Mátà kì í ṣe Yorùbá. Èèwọ̀ wa ò dè é.”

Mo lọ. Lógán Táùn kún fún ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń kan àga, àwọn tó ń ta kẹrosíìnì ìgò kọ̀ọ̀kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Mátà ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ojú sókè, ó sì mọ̀ mí kí n tó sọ orúkọ. Ó ní iwájú orí Àkànní ló wà lórí mi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó dún díẹ̀.

Obìnrin tó ga ni, kì í sáré sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ìlú wọn ló ń sọ, èyí tí wọ́n ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì bí òkèlè, mo sì ń tẹ́tí gidi kí n tó gbọ́ ọ. Yorùbá ni mo fi ń tún un sọ fún yín níbí. Ó bu oúnjẹ sínú abọ́ kan ṣoṣo, ó fi ṣíbí méjì sí i, a jọ jẹ ẹ́. Kò béèrè ohun tí mo wá ṣe títí abọ́ fi mọ́.

Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìwọ ni àbúrò rẹ̀ tó ń kọ̀wé.”

Mo ní èmi ni. Mo retí ìyìn, kí n má purọ́. Ibi gbogbo tí mo bá dé ni wọ́n ti máa ń yìn mí lẹ́yìn gbólóhùn yẹn.

Ó ní, “Ó máa ń kà á fún mi. Á kà á ní èdè yín, á wá tún un sọ ní tiwa. Inú rẹ̀ á dùn. Tó bá kà á tán, á wá yí ìwé náà sí ẹ̀yìn bí ẹni pé ó ku nǹkan kan. Á ní, ‘Àbúrò mi ló kọ ọ́. Mò ń wá a nínú rẹ̀, n kò rí i.’ ”

Ó dùn mí wọ egungun. Èmi ti rò pé gbogbo ìlú ló ń kà mí, ó sì jẹ́ pé ẹnìkan wà ní Lógán Táùn tí kò wá afárá, tí kò wá ọjà, tó ń wá mi. Àjò ló wà, ojú ń tì í láti wálé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi le, bóyá mo ti sanra, bóyá mo ṣì ń bínú bí mo ṣe ń bínú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo kọ̀wé nípa aṣọ àwọn obìnrin Abíjàn fún un.

Mo bi í bó ṣe kú. Ó ní ibà ni, kò pẹ́. Mo bi í ohun tó sọ gbẹ̀yìn.

“Omi ló ń béèrè. Mo fún un, ó mu díẹ̀, ó ní kò tutù.”

Mo dúró kó sọ̀rọ̀ sí i. Kò sí mọ́. Ó ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ọjọ́ tí gbogbo Làìbéríà ń tọ́jú ibojì òkú wọn, kí n wọ aṣọ iṣẹ́, kí n pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kun ibojì

Àwa a máa sin òkú wa sínú ilé, a ń sùn lórí wọn, a ń jẹun lórí wọn, a kì í sì í sábà tún wọn ṣe. Àwọn ará ibí gbé tiwọn lọ síta, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí ìjọba fi sílẹ̀ fún wọn. Dẹkoréṣọ̀n Dè ni wọ́n ń pè é. Mo ti rò pé n ó bá ẹkún níbẹ̀. Ariwo ọjà ni mo bá. Ọkùnrin ń fi àdá ro koríko, obìnrin ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta, àwọn kan tẹ́ ẹní, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó gbé garawa. Ìyá arúgbó kan ń bá ọkọ rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ jà nítorí ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́.

Mátà mú mi gba àárín wọn kọjá. Ibojì Àkànní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sìmẹ́ǹtì pẹlẹbẹ ni, ó ti sán lápá kan, kò sí orúkọ lórí rẹ̀. Ògiri ni ó wà nítòsí rẹ̀, àti pàǹtí tí àwọn ènìyàn kó jọ síbẹ̀. Mo wò ó. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

A ro koríko, a fọ̀ ọ́. Mátà po ẹfun sínú garawa, ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì kan. Ó ní òun á kun orí, kí èmi kun ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi kò kọ́kọ́ gbé e. Èmi kì í ṣe òbí, èèwọ̀ náà kò dè mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo bá fọwọ́ kàn níbẹ̀, n kò ní lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kùn ún. Sìmẹ́ǹtì náà gbóná nítorí oòrùn. Ẹfun kán sí mi láṣọ, ó kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ibi tó ti sán ni mo kùn dé tí ẹkún fi dé, mo sì sunkún gidi, Mátà kò ní kí n dákẹ́, ó ń kun orí lọ.

Nígbà tí mo dìde, mo rí Bàbá Lékan lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wá ro ojú oórì àgbà ìjọ wa kan. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó yára kọjú sí igi máńgòrò kan, ó ń wò ó lókè, ó ń wò ó nílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra igi náà. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló bu ẹran fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ya ti igi ọ̀pẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú “mo”, ojú sì tì mí, bí ẹni tó dìde láti jó nígbà tí wọn kò pè é. Mo kọ òrùka. Mo kọ ikùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo kọ pàǹtí. Ìgbà tí mo dé ibi omi tí kò tutù, ọwọ́ mi fẹ́ fi orúkọ ìyá mi sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, ó ti mọ́ ọn lára. Mo fi omi sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Iṣẹ́ tó le jù tí mo ti ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé, ẹni tó bá kà á kò sì ní rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ilé

Ìyá mi ti ilẹ̀kùn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ka èbúté, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ òrùka. Mo ka Mátà, ó bi mí bóyá obìnrin náà lẹ́wà, mo ní ó lẹ́wà. Mo ka omi. Ó ní, “Kò fẹ́ràn omi gbígbóná rí.” Mo kà títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, mo sì pa ìwé náà dé.

Mo ní, “Màmá, ibi tó kù, èèwọ̀ ni.”

“Àwọn tó dá èèwọ̀ yẹn sílẹ̀, ìlú ni wọ́n ń sin ọmọ wọn sí,” ló wí. “Wọ́n mọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Kà á.”

Mo ṣí i. Mo kà á láìfo nǹkan kan, ògiri, pàǹtí, ibi tó sán, ẹfun tó kán sí mi láṣọ. Ìyá mi sunkún. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá kí i tí wọ́n ń wolẹ̀, n kò rí i kó sunkún rí, nítorí kò sí ẹni tó sọ ohun tó lè sunkún lé lórí fún un. Mo jókòó tì í títí ó fi nu ojú rẹ̀.

Ó ní, “Níbi tó o ti fọwọ́ kàn án yẹn, tó o ní ó gbóná. Tún ibẹ̀ kà.”

Mo tún un kà.